Omi Ni Í Yan Ibùdó fún Iná

Ẹni tó bá ti Àjàṣẹ́ bọ̀, tó la Takon kọjá, tó sì kọrí sí Sakété, kò ní pẹ́ kó tó rí àwọn òpó irin gàgàrà tí wọ́n dúró gbọnin láàárín oko ọ̀pẹ àti oko àgbàdo, tí wọ́n gbé okùn iná mànàmáná kọ́rùn láti ìhà ìlà-oòrùn, láti ẹ̀yìn ẹnubodè, títí wọ inú ibùdó ńlá tó wà ní Sakété. Ọdún 2007 ni okùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ikeja West, ní Èkó, ni ó ti ṣẹ̀ wá, agbára tó sì fi ń rìn jẹ́ 330 kìlófóòtì. Láti Sakété ni kúráǹ ti ń pín lọ sí Àjàṣẹ́ àti Kùtọnu, títí dé ilẹ̀ Togo, nítorí pé láti ọdún 1968, nígbà tí Benin ṣì ń jẹ́ Dahomey, ni òun àti Togo ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó bí àjọ iná wọn, CEB, tí àwọn méjèèjì sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ti inú àpò kan ra iná.

Lábẹ́ okùn yìí, ohun tí àwọn ènìyàn máa ń béèrè kò ju pé ìgbà wo ni kúráǹ náà yóò já sílé àwọn, àti pé èló ni àwọn yóò máa san lórí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ti òṣèlú, ẹnìkan á dìde, á ní kí ló dé tí ìjọba kò kọ́ ilé-iṣẹ́ amúnáwá ńlá kan sí Takon tàbí sí Pobè, kí àwọn ọ̀dọ́ lè ríṣẹ́ ṣe, kí a sì yé máa ra ohun tí a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe. Ìbéèrè ọmọlúàbí ni, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n kí a tó kó owó jọ, kí a tó fi ìlù àti agbádá funfun ké sí àwọn ọlọ́lá wá fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú, tí n kò sì tíì gbọ́ kí a bi ara wa ní gbangba: omi tí iná náà yóò máa mu dà?

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn tí wọ́n kọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ iná àtijọ́ sí ilẹ̀ Nàìjíríà lè má gbọ́ òwe yìí rí, síbẹ̀ ìmọ̀ràn rẹ̀ gan-an ni wọ́n tẹ̀ lé. Èédú ni ilé-iṣẹ́ iná Ìjọra ń jẹ ní ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, Enugu sì ni èédú náà ti ń wá, yóò wọ rélùwéè, yóò wọ ọkọ̀ òkun, kí ó tó dé Èkó. Ẹ̀bá ọ̀sà ni wọ́n sì kọ́ ọ sí. Èyí tí wọ́n kọ́ nítòsí kùsà èédú fúnra rẹ̀, etí odò Oji ló lọ tẹ̀dó sí, orúkọ odò náà ló sì ń jẹ́ títí di òní. Ti Sapele wà lẹ́bàá odò Ethiope. Ti Egbin wà lẹ́bàá ọ̀sà Èkó. Èédú ṣeé kó, gáàsì ṣeé fi páìpù gbà, okùn iná ṣeé nà gba orí oko olóko kọjá. Omi nìkan ni ó wúwo jù láti máa gbé kiri, òun náà ló sì ń pàṣẹ ibi tí gbogbo ìyókù yóò dé sí.

Kí ni omi wá ń wá nínú ọ̀rọ̀ iná? Nínú ilé-iṣẹ́ irú ti Egbin, iná gáàsì ni a fi ń se omi nínú bọ́ílà títí yóò fi di èéfín omi tó lágbára bí ọgọ́rùn-ún màlúù, èéfín náà ni ó ń yí tọ́báìnì, tọ́báìnì ni ó ń yí ẹ̀rọ tí ń mú kúráǹ jáde. Nígbà tí èéfín bá ti ṣiṣẹ́ yìí tán, agbára ti tán lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ooru kò tíì tán nínú rẹ̀, àfi kí ó sì padà di omi kí ẹ̀rọ afami tó lè tì í padà sínú bọ́ílà. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn tí ń se sódàbì ní abúlé ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí kó tó wọ ilé ìwé: ẹmu tó ti kan ń hó nínú àgbá lórí iná, èéfín rẹ̀ ń gba inú páìpù bàbà kọjá, páìpù náà sì rì sínú omi tútù, kí èéfín tó padà di ọtí tí ń kán tó, tó, tó sínú ìgò. Bí omi tútù náà bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí a kò sì pààrọ̀ rẹ̀, ọtí yóò dẹ́kun kíkán, èéfín lásán ni yóò máa jáde lẹ́nu páìpù, ẹni tó ń se é yóò sì máa gbọ́ òórùn èrè rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Páìpù tó rì sínú omi yẹn ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní kọ̀ndẹ́ńsà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún páìpù tín-ín-rín ni ti ilé-iṣẹ́ iná, omi tútù ń gba inú wọn kọjá, èéfín sì ń di omi lẹ́yìn wọn.

Ìṣirò rẹ̀ kò ga ju ti ọmọ ilé ìwé lọ. Kìlógíráàmù omi kan tó ti hó di èéfín gbé kìlójúùlù 2,257 ooru pamọ́ sínú ju bó ṣe wà lọ nígbà tó jẹ́ omi híhó. Kìlógíráàmù omi tútù kan, ní tirẹ̀, kò gbà ju kìlójúùlù 4.19 lọ kí ó tó fi dígíríì kan gbóná sí i. Bí a bá jẹ́ kí omi tútù yìí fi dígíríì 30 gbóná, kìlójúùlù bíi 126 ni yóò gbé lọ. Lítà omi tútù 18 ni a ó sì ná kí lítà kan tó ti fò lọ lè padà wálẹ̀. Méjìdínlógún fún ẹyọ kan: níbẹ̀ ni òùngbẹ ilé-iṣẹ́ iná ti bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ronú jinlẹ̀ yóò ní, ooru tó kù lára èéfín yẹn, èé ṣe tí a kò dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ dípò kí a máa dà á sómi? Ìbéèrè yìí ti ju igba ọdún lọ. James Watt, ará Scotland, tó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ rẹ̀ ní 1769, ti rí i pé ẹ̀rọ èéfín kò jẹ epo nù bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ bí a bá fún èéfín ní yàrá tútù tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti lọ kú sí. Ẹni tó wá sọ ìdí rẹ̀ ni Sadi Carnot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, nínú ìwé pélébé kan tó tẹ̀ jáde ní 1824. Ohun tó wí ni pé kò sí ẹ̀rọ kan tí ń fi ooru ṣiṣẹ́ láyé yìí tí kì í ní ibi gbígbóná tí ooru ti ń wá àti ibi tútù tí ooru ń lọ, àárín méjèèjì sì ni iṣẹ́ ti ń jáde. Ẹni tó bá dí ibi tútù pa, ẹ̀rọ rẹ̀ yóò dúró, bó ti wù kí iná rẹ̀ pọ̀ tó. Bí èéfín bá wọ tọ́báìnì ní dígíríì 540, tí ó sì jáde sí ibi tó jẹ́ dígíríì 40, ohun tó pọ̀ jù tí òfin Carnot gbà láti sọ di iṣẹ́ kò ju ìdá 61 nínú 100 lọ, ìyẹn bí ẹ̀rọ náà kò bá ní àbùkù kankan. Ẹ̀rọ tí ọwọ́ ènìyàn ṣe kò sì lè ṣe kó má lábùkù: bíi 38 ni irú rẹ̀ máa ń mú wálé. Gbogbo ìyókù, tó ju ìdajì gáàsì tí a sun lọ, ooru ni, àfi kí a sì wá ibi kan dà á sí.

Ó wá yẹ kí a gbé Egbin ka orí òṣùwọ̀n. Ní Ijede, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkòròdú, ni ó wà, ní etí ọ̀sà Èkó Àkéte, àrómisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀. Ẹ̀rọ mẹ́fà ni ó ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè mú mẹ́gáwáàtì 220 wá, àpapọ̀ wọn jẹ́ 1,320. 1985 ni àkọ́kọ́ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, 2013 sì ni ìjọba Nàìjíríà gbé e fún àwọn aládàáni. N kò sọ pé iná Egbin ni ó ń tàn ní Sakété o. Kúráǹ kì í kọlà. Nígbà tí ti Egbin, ti Kainji àti ti Olorunsogo bá ti pàdé lórí okùn kan, kò sí ẹni tó lè ya ọmọ sọ́tọ̀ fún ìyá rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n orí okùn yẹn kan náà ni Egbin so mọ́, ó sì wà lára àwọn tó tóbi jù lọ nínú irú rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Iye tí n óò lò fún ìṣirò yìí kì í ṣe èyí tí mo yọ́ wò nínú ìwé àwọn ará ibẹ̀. Òṣùwọ̀n tó wọ́pọ̀ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó bá sì ní èyí tó péye jù ú lọ lè fi rọ́pò rẹ̀, ọ̀nà ìṣirò náà kò ní yí padà.

Bí ẹ̀rọ kan bá mú 220 wá, tí èyí sì jẹ́ ìdá 38 nínú 100 ooru gáàsì rẹ̀, a jẹ́ pé ooru tí a sun jẹ́ mẹ́gáwáàtì 580. Yọ 220 kúrò, ó ku 360. Nínú èyí, bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ooru gáàsì náà yóò bá èéfín iná gba ẹnu ṣimínì lọ tàbí kí ó ta dànù lára bọ́ílà àti páìpù. Ẹ jẹ́ ká pè é ní 60. Mẹ́gáwáàtì 300 ni ó ṣẹ́ kù fún omi láti gbé. Mẹ́gáwáàtì 300 yìí ni kìlójúùlù 300,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí a bá gbà pé omi ọ̀sà yóò fi dígíríì 8 gbóná láti ẹnu àbáwọlé dé ẹnu àbájáde, kìlógíráàmù rẹ̀ kan yóò gbé kìlójúùlù 33.5. Pín 300,000 sí 33.5, ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà sí 9,000. Tọ́ọ̀nù omi mẹ́sàn-án, ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, fún ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Kí ènìyàn tó pe orúkọ ara rẹ̀ tán, mẹ́sàn-án ti wọlé, mẹ́sàn-án ti jáde. Ní ọjọ́ kan yóò di nǹkan bíi 780,000 tọ́ọ̀nù. Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá sì ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tọ́ọ̀nù 54 ni ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, odò ńlá kan pátá nìyẹn, tí ń gba inú ilé kọjá.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọgbọ́n àrékérekè bá ìṣirò yìí lò yóò ní kí a jẹ́ kí omi náà fi dígíríì 16 gbóná dípò 8, kí a lè fi ìdajì omi ṣe iṣẹ́ kan náà. Òótọ́ ni pé iye omi yóò já sí méjì. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni inú kọ̀ndẹ́ńsà ń gbóná sí i, èéfín kò sì ní rí ibi tútù tó dára kú sí mọ́. Ní dígíríì 40, ìtì èéfín nínú kọ̀ndẹ́ńsà kò ju ìdá kan nínú 14 ti afẹ́fẹ́ tí a ń mí lọ, èyí ni ó ń jẹ́ kí tọ́báìnì fa gbogbo agbára èéfín yọ; bí ó bá fi di dígíríì 50, ìtì náà yóò ti fi ìdá méjì nínú mẹ́ta ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tọ́báìnì yóò máa ti ẹrù tó wúwo jù, gáàsì kan náà yóò sì máa bí iná tó kéré sí i. Omi tí a fi pamọ́ ti di gáàsì tí a jẹ nù. Èyí ni kò jẹ́ kí àwọn ọ̀gá ẹ̀rọ kóyán dígíríì kan péré kéré.

Níhìn-ín ni ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa ti dá wa lẹ́bi díẹ̀. Omi ọ̀sà wa kì í sábà jìnnà sí dígíríì 28 tàbí 30 yí ọdún po, nígbà tí àwọn odò ilẹ̀ Yúróòpù máa ń já wálẹ̀ ju 10 lọ nígbà òtútù wọn, tí ẹ̀rọ wọn sì ń mí fúyẹ́. Àwọn náà kò sì ṣàì rí tiwọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2003, tí ooru mú ilẹ̀ Faransé débi pé ẹ̀mí ṣòfò, omi odò Rhône àti Garonne gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ iná átọ́míìkì tí wọ́n wà létí wọn ní láti dín iṣẹ́ kù, tí ìjọba sì fún àwọn mìíràn láyè láti da omi tó gbóná ju òfin lọ padà sódò. Ní 2022, ó tún ṣẹlẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí kò ṣaláìní epo átọ́míìkì, tí kò ṣaláìní owó, ibi tútù ni ó wọ́n ọn.

Ọ̀sà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Nígbà tí ẹ̀rọ mẹ́fà bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ní Egbin, ìṣirò wa yìí fi hàn pé mẹ́gáwáàtì 1,800 ooru ni omi ń gbé lọ, ó ju kúráǹ tí ilé-iṣẹ́ náà ń tà lọ. Lítà omi aláìníyọ̀ kan tó jẹ́ dígíríì 30 lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 7.6 afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sínú. Bó bá di dígíríì 35, kò ní lè gbà ju 7 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹja inú omi gbígbóná ń fẹ́ mí ju ti inú omi tútù lọ. Ìdí nìyí tí ìlànà Báńkì Àgbáyé ti ọdún 1998 fi ní omi tí ilé-iṣẹ́ iná bá dà jáde kò gbọdọ̀ fi ju dígíríì 3 lọ mú kí odò tàbí ọ̀sà gbóná ní ẹnu ààlà ibi tí omi méjèèjì ti ń pò pọ̀, àti pé níbi tí a kò bá ti pa ààlà náà, kí a wọ̀n ọ́n ní 100 mítà sí ẹnu páìpù. Ewu mìíràn sì tún wà lójú omi, tí àwa ará Benin kò lè fọwọ́ nù kúrò nínú rẹ̀ pátápátá: ewé ojú omi olódòdó àlùkò yẹn, èyí tí ń bo ọ̀sà mọ́lẹ̀ bí ẹní, ìhà Àjàṣẹ́ ni wọ́n ní ó gbà wọ odò Badagry ní 1984, ọdún kan ṣáájú kí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ Egbin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ yòówù tó bá ń fa omi nínú irú ọ̀sà bẹ́ẹ̀, àfi kí ó ní irin ajọ̀ àti ọwọ́ tí kì í sinmi lẹ́nu àbáwọlé rẹ̀.

Takon ńkọ́? Igi gaungaun má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ilẹ̀ òkè ni ilẹ̀ wa, kì í ṣe lásán ni wọ́n pe ẹ̀ka ìjọba wa ní Plateau. Ilẹ̀ pupa ni, tí ń mu òjò tán kí ọ̀sán tó pọ́n, kò sì sí odò ńlá kan tó gba àárín rẹ̀. Odò Wẹ̀mẹ̀, tí àwọn Faransé ń pè ní Ouémé, wà ní ìwọ̀-oòrùn lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ẹni tó rí i nígbà tí ó kún, tí kò rí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò tíì rí i. Bí a bá tilẹ̀ sọ pé kí a fa tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú àáyá láti inú àfonífojì gun òkè 50 mítà péré, ẹ̀rọ afami yóò jẹ tó mẹ́gáwáàtì 5 àti ààbọ̀, ìyẹn láìka ìtì omi nínú páìpù gígùn. A ó máa tanná ká lè fami, a ó máa fami ká lè tanná.

Ọ̀nà kejì ni kí a má máa fa omi tuntun, kí a máa lo èyí tó wà lọ́wọ́ lálòtúnlò: kí a kọ́ ilé gogoro, kí a máa da omi gbígbóná láti òkè rẹ̀ bí òjò wẹliwẹli, kí afẹ́fẹ́ máa gba àárín rẹ̀ kọjá, kí díẹ̀ nínú omi náà gbẹ dànù, kí ìyókù sì tutù padà. Kìlógíráàmù omi kan tó bá gbẹ báyìí ń gbé tó kìlójúùlù 2,430 lọ. Bó bá ṣe pé gbígbẹ nìkan ni ó ń gbé gbogbo 300,000 wa, kìlógíráàmù 123 ni yóò máa gbẹ ní ìṣẹ́jú àáyá. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ náà ń gbóná lọ díẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi sí 100. Iyọ̀ àti ìdọ̀tí kì í bá omi gbẹ, wọn yóò máa ki sí i nínú èyí tó kù, a ó sì ní láti máa tú bíi 25 dànù kí páìpù má baà di. 125 ni a ó máa fi rọ́pò ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ 10,800 tọ́ọ̀nù lóòjọ́.

Lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ 780,000, ọ̀rọ̀ yìí jọ ìhìn rere, nítorí ìdá kan nínú 72 rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n omi ọ̀sà padà sí ọ̀sà, bó tilẹ̀ gbóná. Omi ilé gogoro lọ sójú ọ̀run, ó dìgbà tí òjò bá rọ̀ níbòmíràn. Bí a bá fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan ní 20 lítà lóòjọ́, èyí tó jẹ́ omi ẹni tí ó ń ṣọ́ omi lò, 10,800 tọ́ọ̀nù yóò tó 540,000 ènìyàn. Ètò ìkànìyàn 2013 ka gbogbo ẹni tó wà ní Plateau pátá, láti Sakété dé Kétou, sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta àti díẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo nínú mẹ́fà irú ti Egbin ni yóò jókòó síbi kànga, tí yóò sì máa mu ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo wa. Ìyá tó gbé korobá lórí láti ìdájí kò ní gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ tọwọ́-tẹsẹ̀.

Afẹ́fẹ́ wa pàápàá ń ta ko ilé gogoro. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ ti mu omi yó, omi kò sì lè rí àyè gbẹ sínú rẹ̀ dáadáa. Nígbà ọyẹ́, tí ètè ń là, tí afẹ́fẹ́ gbẹ táútáú, ilé gogoro á ṣiṣẹ́ bí ológun; ìgbà náà gan-an ni omi kànga ń lọ sílẹ̀.

Ǹjẹ́ kò wá sí ọ̀nà mìíràn? Ó wà. Gáàsì tọ́báìnì tí kò ní bọ́ílà kò nílò kọ̀ndẹ́ńsà. Ẹnu ṣimínì ni ó ń tú ooru rẹ̀ sí, ní èyí tó ju dígíríì 500 lọ. Irú wọn ni ó pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ iná tí Nàìjíríà kọ́ lẹ́yìn Egbin, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ sí Olorunsogo nítòsí Papalanto, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí kò sí ọ̀sà. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò omi ni gáàsì, nítorí ooru tó ń gba ṣimínì lọ yẹn ni à bá tún fi se omi, kí ó tún yí tọ́báìnì kejì. Benin yan ọ̀nà tirẹ̀ ní Maria-Gléta, ní kọ́múùnù Abomey-Calavi, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé-iṣẹ́ mẹ́gáwáàtì 127 ní oṣù kẹjọ ọdún 2019: ẹ́ńjìnnì ńláńlá méje ni, irú èyí tí ń ti ọkọ̀ òkun. Omi inú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kì í sábà jáde. Yíyí ni ó ń yí, láti ara ẹ́ńjìnnì lọ sínú ràdíétọ̀ tí fáànù ń fẹ́. Bí a bá gbà pé ìdá 45 nínú 100 ni ẹ́ńjìnnì sọ di iná, ooru tó ṣẹ́ kù jẹ́ mẹ́gáwáàtì 155. Èyí tó ju ìdajì lọ yóò bá èéfín jáde, ó sì lè ku bíi 60 fún ràdíétọ̀. Kí afẹ́fẹ́ tó fi dígíríì 15 gbóná lè gbé 60 yìí, tọ́ọ̀nù afẹ́fẹ́ mẹ́rin ni yóò gba ibẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ariwo fáànù nìyẹn.

Àwọn tó ní èédú ní ilẹ̀ gbígbẹ ti ṣe ju èyí lọ. Matimba, ní ìhà àríwá South Africa, ju mẹ́gáwáàtì 3,900 lọ, afẹ́fẹ́ nìkan ni ó sì fi ń sọ èéfín rẹ̀ di omi, lábẹ́ fáànù tí ènìyàn lè dúró sínú yípo rẹ̀. Wọ́n ń fi apá kan iná wọn san owó rẹ̀, ọjọ́ tí oòrùn bá sì mú janjan, iṣẹ́ wọn a dín kù. Ilé-iṣẹ́ iná Palo Verde, ní aṣálẹ̀ Arizona, omi ìdọ̀tí ìlú Phoenix tí a ti sẹ́ ni ó ń mu. Ṣùgbọ́n kí ìlú tó fi omi ìdọ̀tí fún ilé-iṣẹ́ iná, àfi kí ó kọ́kọ́ ní páìpù tí ń kó o jọ.

Èyí tí mo rí i pé ó bá ilẹ̀ wa mu jù, tí a kò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó, abẹ́ igi ọ̀pẹ ni ó wà. Láti 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè, kò sì sí ẹni tí yóò kọ́ ará ibẹ̀ pé ẹyìn gbọ́dọ̀ jinná kí a tó gún un. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ epo pupa ńlá, èèpo èkùrọ́ tí a ti fọ́ àti háhá ẹyìn ni a ń jó lábẹ́ bọ́ílà. Èéfín omi á kọ́kọ́ gba inú tọ́báìnì kékeré kọjá, á mú iná tí ilé-iṣẹ́ náà ń lò wá, lẹ́yìn èyí, dípò kí ó lọ kú sínú kọ̀ndẹ́ńsà, inú àgbá tí ẹyìn wà ni yóò lọ, yóò sì se é jinná. Ẹyìn ọ̀pẹ ti di ibi tútù tí Carnot ń wí. Tọ́báìnì náà kò ní fa iná tó pọ̀ yọ nínú èéfín rẹ̀, mẹ́gáwáàtì kan tàbí méjì ni, ṣùgbọ́n ooru tí à bá máa wá omi dà lé lórí ti rí iṣẹ́ ṣe, tọ́ọ̀nù omi kan kò sì ní láti tìtorí rẹ̀ kúrò nínú kànga ẹnikẹ́ni.

Ilé-iṣẹ́ iná tó wá dé ọ̀dọ̀ wa ní tòótọ́ kò ní bọ́ílà, kò ní ṣimínì. Ní Illoulofin, ní kọ́múùnù Pobè, ni wọ́n tẹ́ pẹpẹ agboòrùn tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 25 sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Omi tí wọn yóò fi nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú rẹ̀ nìkan ni ó nílò. Afẹ́fẹ́ ń gbé ooru rẹ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n 25 yẹn, ti ọ̀sán gangan ni, nígbà tí kùrukùru kò sí. Bí a bá da òru pọ̀ mọ́ ọ̀sán, kí a sì da ọjọ́ òjò pọ̀ mọ́ ọjọ́ oòrùn, èmi kò ní ka iye tí yóò máa mú wá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan sí ju mẹ́gáwáàtì 4 lọ. Pín 220 ti ẹ̀rọ Egbin kan sí 4, yóò jẹ́ 55: pápá 55 irú ti Illoulofin, pẹ̀lú bátìrì tí yóò gbé òru dúró. Ẹni tó bá wá béèrè ilé-iṣẹ́ iná ńlá fún Takon lẹ́yìn èyí, ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ béèrè, kì í ṣe omi mọ́, ilẹ̀ náà kò sì ṣófo: àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ni ó wà lórí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ní olóko.